Ìyá tí kò lè pe igbó lórúkọ níwájú dókítà

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí mo ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá mi nílé, ní àdúgbò Ìtá-Ẹlẹ́wà ní Ìkòròdú. Ọmọ ọdún 19 ni ọmọ náà nígbà yẹn. Kò tíì sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ń sọ pé rédíò aládùúgbò ń pe orúkọ òun, ó sì kọ̀ láti fẹnu kan omi tí mo bù fún un, ó ní a ti fi nǹkan sí i. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní ìkókó ni ó ń wò bí ẹni tó fẹ́ pa á. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà, nọ́ọ̀sì sì bi ìyá rẹ̀ pé, "Mà, ṣé ó máa ń mu nǹkan kan? Ṣé ó ń mu igbó?" Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn kíá pé, "Rárá o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ibà ló ń ṣe é." Mo wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí ó ti tó ọdún méjì tí òórùn igbó ti ń wà lára aṣọ ọmọ náà, èmi náà sì panu mọ́. Ibà ni wọ́n tọ́jú fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábà, níbi tí dókítà kan ti ní kí gbogbo wa bọ́ síta, tí ọmọ náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí àwa àgbà kò lè sọ.

Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe, pé kí ìjọba fàyè gba igbó tàbí kí ó má fàyè gbà á, ti ń dún yàtọ̀ létí mi. Àwọn kan á ní ewé tí Ọlọ́run dá ni, kí wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn kan á ní kí wọ́n kó gbogbo àwọn amugbó sẹ́wọ̀n kí ìlú lè tòrò. Ó máa ń ṣe mí bíi pé nínú ìhà méjèèjì, kò sí ẹni tó ti dúró rí níwájú nọ́ọ̀sì yẹn pẹ̀lú ọmọ tí orí rẹ̀ ti dàrú. Èrò ọkàn tèmi ni pé igbó burú fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mu ún, pàápàá àwọn ọmọ tí kò tíì gbó, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìwé àṣẹ láti máa tà á fún mímu. Ṣùgbọ́n òfin tó fi ẹ̀wọ̀n dúró de ẹni tó mu ún gbọ́dọ̀ kúrò, nítorí òfin yẹn wà lára ohun tó dí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn.

Kẹ́mísì ni mo ń tà, ó sì ti lé ní ọdún 16 tí mo ti wà nídìí rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń gbèjà igbó. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní THC, òun ni ó ń jẹ́ kí ojú yí padà, òun náà ni ó sì lè mú kí ẹlòmíràn máa gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mu ún ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àrùn ọpọlọ bá wà nínú ẹbí, tí ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, tí ó ń mu ún lójoojúmọ́, ewu náà ga ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí ọpọlọ ènìyàn kì í gbó tán títí tó fi ń sún mọ́ ọdún 25. Lẹ́yìn náà, igbó tí àwọn bàbá wa mọ̀ kọ́ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń mu. Èyí tí wọ́n ń pè ní Loud àti Skunk le ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì, èyí tí wọ́n sì ń pè ní Colorado kì í tilẹ̀ ṣe igbó rárá; kẹ́míkà ni wọ́n pò, tí wọ́n wọ́n sórí ewé gbígbẹ. Mo ti rí ọmọ tó mu ún, tó ṣubú lulẹ̀ gbàgà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Sábó, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó sì máa ń fi Fela ṣe àpẹẹrẹ fún mi, n kò bá wọn jà, àmọ́ mo máa ń béèrè bóyá àwọn náà ní ẹgbẹ́ akọrin tí yóò máa dúró dè wọ́n di òru.

Bí ó ti wá burú tó yìí, kí ni òfin ti ṣe sí i? Ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé àwọn ọmọ ogun wa tó bọ̀ láti Íńdíà àti Bọ́mà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n mú irúgbìn rẹ̀ wálé, òfin náà sì ń pè é ní ewé àwọn ará Íńdíà. Ní ọdún 1964, kí ológun kankan tó gbàjọba, Dókítà Tolani Asuni ti ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ti kọ̀wé lórí wàhálà tí igbó ń dá sílẹ̀ láwùjọ àti nínú ọpọlọ àwọn tó ń mu ún. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ló jẹ́ lọ́dọ̀ dókítà. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ológun gbà á lọ́wọ́ dókítà: òfin ọdún 1966 sọ pé ẹni tó bá gbin igbó lè kú sí i, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 21, ẹni tó bá sì mu ún kò ní lò dín ní ọdún 10. Ní ọdún 1975 wọ́n dẹ okùn náà díẹ̀. Ní 1989 ni òfin tó dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀ dé, òun ni a sì ń lò dòní. Ẹ̀wọ̀n gbére wà níbẹ̀ fún ẹni tó gbìn ín, ọdún 15 sí 25 sì wà fún ẹni tí wọ́n bá oògùn olóró lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé adájọ́ kì í sábà fún ẹni tó mu igbó ní iye yẹn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tún dìbò pé kí ikú padà wá jẹ́ ìjìyà àwọn tó ń ṣòwò oògùn olóró.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí gbogbo ìbẹ̀rù yẹn bí. Ìwádìí tí UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti àjọ tó ń ka iye nǹkan nílẹ̀ wa jọ ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé àwọn tó mu igbó láàárín ọdún kan ṣoṣo tó mílíọ̀nù 10.6, nínú àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64. Àwọn tó wà ní gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, olè, apànìyàn àti àwọn tí wọn kò tíì gbọ́ ẹjọ́ wọn, kò tó 100,000. Nítorí náà, òfin náà kò lè mú gbogbo wọn láé, yíyàn ló máa yàn. Ta ni ó sì máa ń yàn? Ọmọ tó dirun dàda, tó wọ ṣòkòtò tó fàya, tó jókòó sí ẹ̀yìn gáréèjì pẹ̀lú igbó tí kò tó owó oúnjẹ àárọ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ní owó ní ọwọ́, ilẹ̀ kò ní ṣú bá a ní àtìmọ́lé. Bí kò bá ní, ìgbà yẹn ni yóò di ọ̀daràn. Oṣù kan ṣáájú kí ọmọ wa tó ṣàìsàn ni wọ́n kó ọmọ aládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi, ẹbí rẹ̀ sì ta ẹ̀rọ amúnáwá kí ó tó jáde. Ìyẹn ló wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè ọ̀rọ̀. Ìtìjú wà ńbẹ̀ lóòótọ́, torí a máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà, ohun tó sọ fún mi ni pé, "Ṣé kí n fi ẹnu ara mi pe ọlọ́pàá sí ọmọ mi ni?"

Ní ìlú wa yìí kan náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àjọ NDLEA wọ ilé kan ní ẹ̀sítéètì Solebo, wọ́n sì bá kokéènì tó lé ní 1,800 kìlógíráàmù níbẹ̀. Wọ́n ní kò tíì sí irú rẹ̀ rí nínú ìtàn àjọ náà. Mo yìn wọ́n fún iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò sì ní yéé yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo àsìkò tí àwọn oníṣòwò ń kó ẹrù yẹn wọlé ni àjọ náà ń lé àwọn ọmọ tó ní igbó bíńtín lápò kiri ẹ̀yìn ọjà, bí ẹni tó fi ètè sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Àwọn kan lè sọ pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí wọ́n kúkú ṣí i sílẹ̀ bíi ti Kánádà, tó fàyè gba títà rẹ̀ ní 2018. Níbí ni mo ti máa ń yà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Kánádà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń béèrè káàdì ọjọ́ orí kí wọ́n tó ta nǹkan fúnni. Níbí, ẹ wo ọtí inú ọ̀rá. Fún ọdún púpọ̀ ni ó fi bófin mu, tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí àkọlé tó kọ̀ ọ́ fún ọmọdé sì wà lára rẹ̀; síbẹ̀ ọmọ tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lè rà á ní aago méje àárọ̀ lórí tábìlì ẹni tó ń ta bisikíìtì. Nígbà tí NAFDAC ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ariwo sọ, wọ́n sì tún sún ọjọ́ síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Tramadol, oògùn ìrora tí kò yẹ kí n tà láìsí ìwé dókítà: kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù kì í wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, bí mo bá sì lé e, ó mọ ibi tí yóò yà sí. Ìlú tí kò lè dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ọtí inú ọ̀rá kò tíì ṣe tán láti ṣí ṣọ́ọ̀bù igbó. Ilẹ̀ Thailand pàápàá, tó yọ igbó kúrò lára oògùn olóró ní 2022, ti padà ní 2025 láti sọ pé ìwé dókítà ni yóò máa gbà kí wọ́n tó tà á fún ènìyàn.

Ti lílò rẹ̀ fún oògùn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kò sì yẹ kó le tó bí a ti ń mú un le. Oògùn kan tí wọ́n fà jáde láti inú rẹ̀, Epidiolex, ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà láti 2018 fún irú wárápá líle méjì tó ń mú ọmọdé, kì í sì í jẹ́ kí ojú ènìyàn yí padà. Olóògbé Rótìmí Akérédolú, nígbà tó jẹ́ gómìnà Oǹdó, lọ sí Thailand ní 2019 lórí ọ̀rọ̀ gbígbin igbó fún oògùn, àwọn ènìyàn sì fi í rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n fún àgbẹ̀ ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Kí a má ṣáà fi wárápá ọmọ ọlọ́mọ bojú kí a lè máa fa igbó ní kọ̀rọ̀.

Àwọn mìíràn á tún ní bí ẹ̀wọ̀n bá kúrò, àwọn ọmọ yóò rọ́ lọ síbẹ̀. Nínú gbogbo àwọn ọmọ tí mo mọ̀ tí wọn kò mu ún, n kò rí ọ̀kan tó sọ fún mi pé NDLEA ni òun bẹ̀rù; ìyá wọn ni wọ́n bẹ̀rù, tàbí ọ̀rẹ́ kan tó ti ya wèrè lójú wọn. Àjọ náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí ènìyàn lè pè fún ìmọ̀ràn, ó sì ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ránṣẹ́ pe ọdẹ kó wá wo ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín sàn? Kí ìtọ́jú kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń mú ènìyàn. Kí ó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tí òfin gbà láyè láti gbọ́ ohunkóhun láìsọ ọ́ síta, kí ẹni tí wọ́n bá sì bá igbó lọ́wọ́ rẹ̀ fún mímu lọ rí nọ́ọ̀sì yẹn dípò adájọ́. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ti gba ipò ti àwọn òyìnbó tó ń pe aláìsàn ní wèrè lásán. A lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọmọ wa ti pé ọdún 25 báyìí. Ó ń jó irin ní Ọ̀wútù, ó ń lo oògùn rẹ̀ ní alaalẹ́, ó sì ti tó ọdún mẹ́rin tí kò ti fẹnu kan igbó. Ní oṣù tó kọjá, èmi àti ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sí Yábà fún àyẹ̀wò, wọ́n sì ń kọ káàdì tuntun fún un. Nọ́ọ̀sì ọmọdébìnrin kan, tó ń bọ̀wọ̀ fúnni gan-an, gbé bírò, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n máa ń mu nígbà tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi, ó wo ilẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ó wà nínú fáìlì," ni ó wí. "Ẹ bá mi wò ó níbẹ̀."