Agbádá kọ́ ló ń sọ géèmù di ti Yorùbá

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa gbaná jẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹnu ti ń yún mi láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Kéèyàn fi agbádá àti fìlà abetí-ajá wọ ẹni tó ń sáré tó ń fò nínú géèmù, ìyẹn ò sọ géèmù náà di ti Yorùbá. Eré sísá àti fífò náà ṣì ni. Èmi náà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Màmá mi ló là mí lójú, wọn ò sì fọwọ́ kan géèmù rí.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la forúkọ sílẹ̀ fún game jam. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: wọ́n á kéde àkòrí kan, aago á bẹ̀rẹ̀ sí í ka, o sì gbọ́dọ̀ ti ṣe géèmù kan parí kí àkókò tó pé. Ludum Dare, ọ̀kan lára àwọn tó ti pẹ́ jù, ti wà láti ọdún 2002. Wákàtí 48 ni wọ́n ń fún ẹni tó bá dá tiẹ̀ ṣe níbẹ̀, 72 fún àwọn tó bá kó ara wọn jọ. 48 ni tiwa náà. Tó bá jẹ́ Abẹ́òkúta lo wà, yọ àsìkò tí kò síná kúrò nínú ẹ̀, kó o tún yọ àsìkò tí jẹnẹrétọ̀ fi ń sinmi, kó o wá wo iye tó kù sí ọ lọ́wọ́. Kálukú wa ló dá tiẹ̀ ṣe, àmọ́ yàrá kan náà la jókòó sí, torí jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo la ní.

Àkòrí wa ni "àyè òfìfo". Ọ̀rẹ́ mi ní ogun tí Dàhòmì gbé wá ja Abẹ́òkúta lọ́dún 1851 lòun máa fi ṣe: odi ìlú, àwọn obìnrin ọmọ ogun Dàhòmì, Olúmọ lẹ́yìn wọn gbàgede. Ọwọ́ ẹ̀ dáa nínú àwòrán, n ò ní purọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Sátidé, jagunjagun ẹyọ kan ló ti ṣe tán, fìlà ẹ̀ ń dán, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹ̀ ń tàn. Gbogbo ìgbà tó bá sì ti fò báyìí, inú àpáta ló ń wọ̀, kò sì ní lè jáde mọ́. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, àwọn baba wa kúkú sá sábẹ́ Olúmọ lóòótọ́, ó bá ìtàn mu." Kò rẹ́rìn-ín.

Èmi tí mò ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ yìí ńkọ́? Aláró ni màmá mi ní Ìtòkú, mo bá ní àdìrẹ ni màá fi ṣe tèmi. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, wàá mú búrọ́ọ̀ṣì, wàá máa fi aró kun ọnà sórí aṣọ funfun. Mo wá ya ọmọge kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, gèlè lórí, ìró àti bùbá lọ́rùn, tó ń pàtẹ́wọ́ fún ọ bó o bá kùn ún dáa. Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ní nǹkan bí aago 11 alẹ́ Sátidé, mo gbé lápútọ́ọ̀pù lọ bá màmá mi. Wọ́n wá awò ojú wọn, wọ́n wò ó títí.

"Kí lò ń kùn níbí?"

"Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, Màmi."

"Ẹlẹ́kọ wo? Ẹ̀kọ ẹ̀ dà? Ta ló ń fi aró yàwòrán sáṣọ?"

Wọ́n fa etí ìró wọn lé orúnkún, wọ́n fi èékánná fa ìlà mẹ́rin lé e, bí ẹni mú ìyẹ́ adìyẹ dání. Ẹ̀kọ láfún leèyàn ń fi kọ ọnà, wọ́n ní, ibi tí ẹ̀kọ bá sì wà, aró ò ní débẹ̀. Ohun tó o bá kọ ló máa funfun. O ò sì ní rí i dáadáa títí wàá fi ha ẹ̀kọ yẹn kúrò. Wọ́n tún fi kún un pé tí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò aró jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú.

Mo padà sí yàrá, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ọmọge lọ, gèlè lọ, orin lọ. Ìpele 12 tí mo ní lọ́kàn di 3. Géèmù tuntun náà ò ju èyí lọ: o máa fi ìyẹ́ kọ ẹ̀kọ sórí aṣọ, o máa rì í sínú aró, o máa fà á yọ, o tún máa rì í. Bó o bá ṣe ń rì í ló ń dúdú sí i, àmọ́ tó bá pẹ́ jù nínú omi, ẹ̀kọ á rọ̀, aró á sì wọ ibi tí o ò fẹ́. Àyè òfìfo tí wọ́n ní ká ṣe, ibi tí ẹ̀kọ bò ni. Àdìrẹ ti di òfin eré fúnra ẹ̀, kò kàn jẹ́ aṣọ tí ẹnì kan wọ̀ sọ́rùn.

Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12, ọmọ mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. (Wákàtí 48, ọmọ ayò 48. N ò sọ nǹkan kan o.) Kò sí Lísàbí nínú ẹ̀, kò sí ẹni tó wọ agbádá. Ẹ wá kọjá níbi tí bàbá àgbà méjì ti ń ta á, tí wọ́n ń ṣáátá ara wọn, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ò mọ ibi tẹ́ ẹ wà.

Ọ̀rẹ́ mi ò gbà. Ó ní tí kò bá sí fìlà, báwo ni ará òkèèrè ṣe máa mọ̀ pé tiwa ni? Ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Àwòrán ló máa ń kọ́kọ́ pe èèyàn, tèmi ò sì wuyì.

Lálẹ́ Sọ́ńdè, ó ku ìṣẹ́jú 14, mo fi dátà fóònù gbé e sórí itch.io, ìkànnì tí wọ́n ń kó géèmù sí, ojú ìwé dúdú kirimú. Mo ti sọ fáìlì náà ní adire.html, bẹ́ẹ̀ index.html ni wọ́n ń wá nínú zip. Òógùn bò mí kí n tó rántí.

Àwọn tó kópa ló ń fún ara wọn ní máàkì. Ẹnì kan tí n ò mọ ìlú ẹ̀ kọ̀wé sí mi pé òun gbádùn ẹ̀, àmọ́ àṣìṣe kan wà nínú kóòdù mi: aṣọ ń ní àwọ̀ ewé kó tó dúdú. Mo ka ìwé náà fún màmá mi.

"Sọ fún un pé kò tíì fẹ́ atẹ́gùn sí i," wọ́n ní, wọ́n sì padà sídìí ìkòkò wọn.