Nítorí Òkété Kan Ṣoṣo

Àwọn tó ń dẹ òkété tún ti dáná sungbó! Màjàlà ti bo aṣọ funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, ọmọ oníkọ́ fée tó wà nílé kejì sì ń mí gúlegúle. Ṣé eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà kò tó wa fà símú ni? Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà títí dé Òmù-Àrán, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ojú sánmà a ṣú nítorí òkété kan ṣoṣo tí kò lè kún ìkòkò! Àwọn àgbà ní ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Kí ló dé tí eérú tiyín fi ń tọ èmi wá? Hóró èéfín tí kò tó máíkírómítà 2.5, tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó sì lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Ìbòmú tí a fi aṣọ lásán rán kò lè sẹ́ ẹ tán. Ẹ wá ní kí a ti fèrèsé. Nínú ooru yìí, tí kò síná, tí fáànù kò yí? Ẹ pa iná yẹn, ẹ jọ̀ọ́!