Òṣìṣẹ́ Tó Parí Kọ́ọ̀sì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì, Ṣé Ó Ti Mọṣẹ́ Nìyẹn?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá gbà gbọ́, tí àwa òṣìṣẹ́ náà sì ti bá wọn gbà gbọ́, ni pé tí wọ́n bá ti fi link kọ́ọ̀sì ránṣẹ́ séèyàn, tó wo fídíò ẹ̀ tán, tó dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá tó wà nísàlẹ̀, tí satifíkéètì sì jáde, ó parí, onítọ̀hún ti mọ nǹkan ọ̀hún. Irọ́ ni. Kì í ṣe pé e-learning, ìyẹn kéèyàn máa kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ò dáa o, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́ ọ, àmọ́ kéèyàn parí kọ́ọ̀sì yàtọ̀, kó mọṣẹ́ yàtọ̀.

Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbì kan tó jẹ́ pé èmi ni mò ń fi kọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sáwọn òṣìṣẹ́, èmi náà ni mò ń wo ẹni tó ti parí àti ẹni tí ò tíì parí. Wọ́n wá gbé app tuntun wọlé tí wọ́n á máa fi ka ẹrù inú sítọ̀ọ̀. Fídíò wákàtí méjì ni kọ́ọ̀sì yẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbogbo èèyàn ti parí ẹ̀, mo fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí ọ̀gá, inú ọ̀gá dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo app náà. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n gba 100 nínú 100 nínú ìdánwò kọ́ọ̀sì yẹn, tẹ 500 síbi tó yẹ kí wọ́n tẹ 50 sí. Kò ju kí wọ́n fagi lé e kí wọ́n tún un tẹ̀, ó sì wà nínú fídíò yẹn kedere. Mo dúró lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mouse, wọn ò tẹ nǹkan kan. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n sọ ọ́ o, mo ṣì rántí ohùn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ gan-an, ibi tó ní ká tẹ̀ ni mi ò rántí mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní, torí mo mọ̀ pé ẹ̀bi wọn kọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀ lọ́dún 1885. Ara ẹ̀ ló fi ṣe ìwádìí náà, á há àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí ò nítumọ̀ sórí, á fi wọ́n sílẹ̀, á wá padà síbẹ̀ láti wo iye àsìkò tó máa jèrè tó bá ń tún wọn há. Lẹ́yìn wákàtí kan, èrè yẹn ò tó ìdajì àsìkò tó fi há wọn nígbà àkọ́kọ́ mọ́, lẹ́yìn ọjọ́ kan ó ti ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ máa ń pẹ́ lórí èèyàn jùyẹn lọ, torí náà kẹ́nikẹ́ni má fi iye yẹn dẹ́rù bà yín, àmọ́ bó ṣe ń lọ náà ló ń lọ, kíákíá níbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ tó bá yá. Kọ́ọ̀sì téèyàn wò lẹ́ẹ̀kan, tí ò sẹ́ni tó tún mẹ́nu bà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi inú ajere ni.

(Tí mo bá ti ń sọ èyí, ẹnì kan á gbé àwòrán yẹn jáde, èyí tó ní ìdá 10 nínú 100 lèèyàn ń rántí nínú ohun tó kà, ìdá 20 nínú ohun tó gbọ́, tó ń gùn lọ sókè bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ní Edgar Dale, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, ló ni ín. Àwòrán tí Dale gbé jáde lọ́dún 1946 ò ní nọ́ńbà kankan nínú, àwọn ẹlòmíì ló lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi sínú slide yín.)

Ohun tó ń tàn wá jẹ jù ni ìdánwò ìparí kọ́ọ̀sì. Lọ́dún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa béèyàn ṣe ń rántí nǹkan, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ọ̀rọ̀ kan kà. Àwọn kan kà á, wọ́n tún un kà. Àwọn yòókù kà á, wọ́n gbé e tì, wọ́n wá kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n dán wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù nínú wọn. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ti yí padà, àwọn tó fúnra wọn wá a jáde látinú orí rántí nǹkan bí ìdá 56 nínú 100, àwọn tó kà á léraléra rántí nǹkan bí 42. Ẹ wo ìṣẹ́jú 5 yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò wa máa ń bọ́ sí! Fídíò parí, ìbéèrè yọ, ohun gbogbo ṣì gbóná lórí, èèyàn gba 100, ọ̀gá ní ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í léèrè lọ́jọ́ keje kẹ́ ẹ tó sọ pé ó mọ̀ ọ́n.

"Completed" (ó ti parí) tẹ́ ẹ sì ń rí lára orúkọ èèyàn yẹn, ẹni tó ṣe kọ́ọ̀sì ló pinnu ohun tó máa gbé e jáde. Ó lè jẹ́ pé ìdánwò ni, ó sì lè jẹ́ pé kéèyàn ṣáà ti dé ojú ewé tó kẹ́yìn ni. Mo ti rí ẹni tó tan fídíò sílẹ̀ tó ń dáhùn ímeèlì ní ojú ibòmíì lórí kọ̀ǹpútà kan náà, orúkọ ẹ̀ sì jáde pé ó ti parí. Mi ò dá a lẹ́bi, torí wọn ò fún un ní wákàtí kankan láti fi kẹ́kọ̀ọ́, orí iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ ni wọ́n kó kọ́ọ̀sì náà lé. Èyí máa ń dùn mí gan-an. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kẹ́kọ̀ọ́, kó yọ àsìkò ẹ̀ sílẹ̀ nínú àsìkò iṣẹ́, kó sì jẹ́ kó rí ibi tó máa ti lo ohun tó kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Kò sẹ́ni tó wo òmùwẹ̀ lórí fídíò títí tó wá mọ omi wẹ̀, àfi tóun náà bá kó sómi.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n ní ká tún kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi app ka ẹrù yẹn, mo ní kí wọ́n ṣí app kan náà fún wa, àmọ́ èyí tó jẹ́ ti ìdánrawò, tí ohunkóhun téèyàn bá bà jẹ́ níbẹ̀ ò ní kan ẹrù kankan. A ní kí kálukú mọ̀ọ́mọ̀ tẹ nǹkan tí ò dáa, kó sì tún un ṣe fúnra ẹ̀, láìwo fídíò. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mo fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, ẹyọ kan péré, irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́: "Ẹrù 30 wọlé, o tẹ 300, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?" Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òmíì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òmíì. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, mo ní kó kọ́kọ́ ronú sí i ná kó tó lọ wò ó nínú fídíò, torí ríronú yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó dúró.

Àwọn kan á ní àsìkò ò sí fún gbogbo èyí. Fídíò wákàtí méjì yẹn, a gé e kù sí ìṣẹ́jú 25, àwọn ibi tí wọ́n máa nílò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan la fi sílẹ̀, àsìkò tó ṣẹ́ kù la fi ṣe ìdánrawò. Ẹ̀gbọ́n yẹn ló kọ́kọ́ fagi lé 500 tiwọn, kí n tó parí ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ.