Ẹni tó ń sá fún ìṣirò, Public Policy kọ́ ni ibi ìsádi

“Ṣé o kò mọ ìṣirò? Lọ ṣe másítà Public Policy, òyìnbó sísọ lásán ni.” Ìmọ̀ràn yìí nípa Public Policy, ẹ̀kọ́ bí ìjọba ṣe ń yan ètò àti bí a ṣe ń díwọ̀n rẹ̀, ti wọ́pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Àwọn kan tún máa ń fi kún un pé iṣẹ́ òṣèlú ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dùn ni máàkì wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá ti wọlé tán ni ọ̀pọ̀ ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń kọ́ gan-an. Ní Amẹ́ríkà, ọdún méjì ni oyè MPP (Master of Public Policy) sábà máa ń gbà. Ọdún àkọ́kọ́ kún fún ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, statistics àti regression (ìṣirò tó ń fi bí ohun kan ṣe ń bá òmíràn yí hàn), pẹ̀lú ọ̀nà tí à ń gbà mọ̀ bóyá ètò ìjọba kan ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Harris School ní Yunifásítì Chicago tilẹ̀ ní Math Camp tó máa ń wáyé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ní Blavatnik School ní Oxford, ọdún kan péré ni MPP, ìmọ̀ ọrọ̀ ajé sì wà níbẹ̀.

Ìgbàgbọ́ yìí kò ṣàdédé hù o. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, abẹ́ Political Science tàbí Public Administration ni wọ́n fi Public Policy sí, ìwé àbá èrò orí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má wo orúkọ oyè. Ẹ ka orúkọ kọ́ọ̀sì tó jẹ́ dandan lọ́kọ̀ọ̀kan. MPA (Master of Public Administration) kan lè ní ìṣirò ju MPP mìíràn lọ.

Kí ni ìjọba fẹ́ fi ìṣirò ṣe? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, UPE. Nǹkan bí ọmọ mílíọ̀nù 2.3 ni wọ́n retí. Bíi mílíọ̀nù 3 ló yọjú. Wọ́n ti fagi lé ìkànìyàn 1973, ti 1963 ló kù tí wọ́n lè gbójú lé. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò tó, olùkọ́ kò tó. Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ nípa àǹfààní ẹ̀kọ́ kò wọ́n nígbà yẹn. Iye ọmọ ni wọn kò mọ̀.

Irú ìṣirò tí ẹ máa bá pàdé kò le, àfi kéèyàn fara balẹ̀. Ká ní kànga ẹ̀rọ kan yóò gba mílíọ̀nù 10 náírà lónìí, àǹfààní rẹ̀ fún àdúgbò sì jẹ́ mílíọ̀nù 3 lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá yára á ní mílíọ̀nù 15 borí mílíọ̀nù 10. Ṣùgbọ́n owó ọdún karùn-ún kì í ṣe ẹgbẹ́ owó òní. Bí a bá fi ìdá 12% dín owó ọjọ́ iwájú kù, a ó fi 1.12 pín mílíọ̀nù 3 ti ọdún àkọ́kọ́, yóò di bíi 2.68, ti ọdún kejì, a ó fi 1.12 pín in lẹ́ẹ̀mejì, yóò di 2.39. Títí dé ọdún karùn-ún, tí yóò ku 1.70, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 10.81. Kànga náà yege, díẹ̀ báyìí. Ẹ wá fi 20% ṣe é: àpapọ̀ di mílíọ̀nù 8.97, iṣẹ́ náà sì di àdánù.

Ibẹ̀ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Wọ́n á mú èlé báńkì, tí ọ̀wọ́n gógó ọjà ti wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi dín àǹfààní tí wọ́n kọ ní iye owó òní kù. Méjèèjì kò bára mu. Ẹ yọ ọ̀wọ́n gógó kúrò nínú èlé náà, tàbí kí ẹ fi kún àǹfààní ọdọọdún.

Ìdíwọ̀n ètò ìjọba tún ní pàkúté tirẹ̀. Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ O'Meals ní 2012, oúnjẹ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ká fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ lásán wo irú ètò bẹ́ẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fún ọmọ lóúnjẹ kúrò ní ọmọ 200 bọ́ sí 260, èyí tí kò fún wọn kúrò ní 210 bọ́ sí 240. Oúnjẹ kọ́ ló mú ọmọ 60 wá, nítorí ti ibi tí kò sí oúnjẹ náà fi 30 pọ̀ sí i. Ìyàtọ̀ jẹ́ 30. Ó dáa, bí ọmọ 10 bá fi ilé-ẹ̀kọ́ kejì sílẹ̀ torí ìrẹsì ńkọ́? Ẹ dá wọn padà: 250 níbí, 250 lọ́hùn-ún. Ìdàgbàsókè di 50 àti 40, iṣẹ́ oúnjẹ sì kù sí ọmọ 10. Kọ̀ǹpútà kò ní sọ èyí fún yín. Ẹni tó mọ bí òbí ṣe ń gbé ọmọ kiri ni yóò rò ó.

Àṣìṣe kékeré kan tún wà tó ń ba ìwé jẹ́. VAT wa, owó orí lórí ọjà, kúrò ní 5% bọ́ sí 7.5% ní oṣù Kejì ọdún 2020. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé owó orí náà fi 2.5% pọ̀ sí i ti ṣì í. Lórí ọjà ₦10,000, ₦500 di ₦750: ìdajì iye àtijọ́ ló gun orí rẹ̀.

Òyìnbó náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n rò. Ojú ìwé méjì ni memo, ìwé ìmọ̀ràn ṣókí sí ọ̀gá, sábà máa ń jẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ kí ọ̀gá ṣe gbọ́dọ̀ wà ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, pẹ̀lú iye tí yóò ná a. Ẹni tó bá fi ojú ìwé kìíní sọ ìtàn, tó wá fi àbá pa mọ́ sí ìsàlẹ̀, ti pàdánù òǹkàwé rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ, ẹ fi oṣù mẹ́ta múra, wákàtí kan lójúmọ́: algebra, ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà, logarithm, probability. Excel ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà R, ètò kọ̀ǹpútà fún statistics, ọ̀fẹ́ ni. Stata, irú rẹ̀ mìíràn, ń gba owó. Data General Household Survey, ìwádìí ilé dé ilé ti Nàìjíríà, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì Báńkì Àgbáyé, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ ni. Ẹ má ṣe gbàgbé òpó weight tó wà nínú rẹ̀: ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìwádìí náà ń ṣojú fún ọ̀pọ̀ ilé, iye wọn kò sì dọ́gba, nítorí náà ìpíndọ́gba tí a kò fi weight ṣe kì í ṣe ti Nàìjíríà, ti àwọn ilé tí wọ́n kàn lu ilẹ̀kùn wọn ni.