Ta Ló Ní Kẹ́ Ẹ Pààrọ̀ Driver Mi?

Àwọn Microsoft tó ni Windows tún ti ṣe é o! Kọ̀ǹpútà tí mo fi ọwọ́ ara mi pa lálẹ́ àná, tí kò ṣe nǹkan kan. Mo tàn án láàárọ̀ yìí, àwọn àmì róbótó kéékèèké yẹn ń pòyì, wọ́n ń pòyì, ni gbogbo ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn biribiri. Fáànù ń kùn, iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tàn, n kò rí nǹkan kan. Project akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọlé lọ́sàn-án òní!

Update alẹ́ àná ni. Wọ́n ti ki driver tuntun, ètò kékeré tó ń darí ojú kọ̀ǹpútà, bọ inú kọ̀ǹpútà mi. Ta ló bẹ̀ wọ́n? Dátà tí mo fowó ra ni wọ́n tún fi gbé e wọlé!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á ní tipátipá kó tó mú mi dé Troubleshoot, ibi àtúnṣe. Mo ní kí n gba Safe Mode wọlé, níbi tí ìwọ̀nba ètò díẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó ní kí n mú recovery key wá, nọ́ńbà àṣírí tó ń ṣí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà 48! Inú ímeèlì àtijọ́ ni mo ti wá a rí, fóònù mi ń kú lọ, kò síná, mo ń tẹ̀ ẹ́ ní mẹ́fà-mẹ́fà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo dé Device Manager, níbi tí wọ́n to àwọn driver sí, Roll Back Driver, bọ́tìnì tó ń dá driver ti tẹ́lẹ̀ padà, ti ṣú, kò ṣe é tẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀!

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká format ẹ̀," ìyẹn ni pé ká nu gbogbo ohun inú rẹ̀ dànù. Format, format! Ṣé orí bíbẹ́ ni oògùn orí fífọ́ ni?

Ṣebí gbogbo wa la rí ti ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024. Fáìlì kan tó ní àbùkù ni CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, fi ránṣẹ́ sí driver wọn, kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 dákú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ò lè gbéra. Kí ni wọ́n wá fi kọ́gbọ́n?

Mo yọ driver náà kúrò, ó dìde ní aago méjìlá kọjá. Ọmọ tó ni project ti ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá sì tan dátà lálẹ́ òní, driver yẹn kan náà ni wọ́n máa tún gbé wá.

Kí wọ́n yọwọ́ nínú kọ̀ǹpútà mi. Lónìí yìí!