Aláǹgbá tó ń sanwó fún bíríkìlà

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ogun bá délẹ̀, ohun kan náà ni mo máa ń gbọ́: pé àwọn oníṣòwò oògùn fẹ́ kí ìlú dàrú kí wọ́n lè ráyè ṣe tiwọn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlú tó dàrú pátápátá kò wúlò fún wọn. Wọ́n nílò pápákọ̀ òfuurufú tí bàálù lè bà sí, èbúté tó ń ṣiṣẹ́, báǹkì tó ń ṣílẹ̀kùn láràárọ̀, àti ọ̀gá ológun tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ìjọba tó ní àsíá àmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ò ká ohunkóhun, irú rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aláǹgbá tí mò ń sọ yìí lówó lọ́wọ́. Bó bá ti wọlé tán, á máa sanwó fún bíríkìlà kó má padà wá dí ihò náà.

Ẹ wo Guinea-Bissau. Orílẹ̀-èdè kékeré ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni, ọ̀pọ̀ erékùṣù Bijagós tó wà létí òkun rẹ̀ ni èèyàn ò sì gbé. Ogun abẹ́lé 1998 sí 1999 ti fọ́ ọ kí kokéènì láti Gúúsù Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ibẹ̀, torí náà àwọn oníkokéènì kọ́ ló la ògiri yẹn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2009, bọ́ǹbù pa olórí ọmọ ogun, Batista Tagme Na Waie, ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, àwọn sójà ti pa Ààrẹ João Bernardo Vieira. Ọ̀tá ara wọn làwọn méjèèjì látọjọ́ pípẹ́, mi ò sì ní sọ pé kokéènì ló pa wọ́n. Ohun tí mò ń sọ ni pé níbi tí ipò ọ̀gá ológun bá ti di ọ̀nà owó kokéènì, kò sí bí ìjà orí ipò náà ò ṣe ní dẹ́jẹ̀ sílẹ̀. José Américo Bubo Na Tchuto tó ti jẹ́ ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi wọn rí, ojú òkun ni àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ti dọdẹ mú un ní oṣù kẹrin 2013. Ó jẹ́wọ́ ní kóòtù ní New York, wọ́n sì fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 4. Ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ òkun nìyẹn o!

Ọdún 2019 ni ààrẹ tí ará ìlú dìbò yàn ṣẹ̀ṣẹ̀ lo sáà rẹ̀ tán níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2024, àwọn ọlọ́pàá wọn gbá bàálù kan tó ti Venezuela wá mú ní Bissau pẹ̀lú kokéènì tó lé ní tọ́ọ̀nù 2.6. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn láàárín irú àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn, mo bọ̀wọ̀ fún un tọkàntọkàn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àgbẹ̀. Ní Afghanístàn, nígbà òtútù tí oúnjẹ ti tán nílé, oníṣòwò á yá àgbẹ̀ lówó lórí opíọ̀mù, oògùn olóró tí wọ́n ń rí lára òdòdó kan, tí kò tíì kórè, iye tó bá wu oníṣòwò ni yóò sì dá lé e. Gbèsè ọ̀hún ló ń sọ wọ́n di ìwọ̀fà. Bí sójà bá gé oko náà lulẹ̀, gbèsè ò bá oko lọ. Àwọn kan fi ọmọbìnrin wọn fún olówó láti fi san án. Láàárín 2002 sí 2017, Amẹ́ríkà ná owó tó lé ní bílíọ̀nù 8 dọ́là láti gbógun ti opíọ̀mù níbẹ̀. Ọdún 2017 yẹn gan-an ni oko opíọ̀mù wọn pọ̀ jù lọ!

Taliban, àwọn ajàjàgbara ẹlẹ́sìn tó padà gba ìjọba Afghanístàn ní 2021, tí wọ́n ti gba owó orí lórí òdòdó náà lójú ogun, wá fòfin dè é ní oṣù kẹrin 2022. Oko tó tó hẹ́kítà 233,000 di 10,800 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Owó tí àgbẹ̀ rí lórí ìkórè já láti bílíọ̀nù 1.36 dọ́là sí mílíọ̀nù 110, kò sì sẹ́ni tó fún wọn ní iṣẹ́ mìíràn tó lè dí àlàfo náà. Lọ́dún 2023 yẹn náà, Myanmar ní Éṣíà, tó wà nínú ogun, bọ́ sí ipò kìíní nínú pípèsè opíọ̀mù lágbàáyé.

Báǹkì ńkọ́? Ní oṣù kejìlá 2012, HSBC, báǹkì ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà láti san bílíọ̀nù 1.9 dọ́là fún Amẹ́ríkà, nítorí pé ó kéré tán mílíọ̀nù 881 dọ́là owó oògùn gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Kò sí òṣìṣẹ́ báǹkì kan tó tìtorí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbẹ̀ tó fi ọmọ san gbèsè, kí ẹ sọ fún mi ẹni tí òfin mú.

Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń pín owó tí wọ́n ń ná sórí ogun oògùn yìí, gbèsè àgbẹ̀ ni màá kọ́kọ́ san. Owó oṣù ọlọ́pàá àti adájọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ògiri wọn ti lanu ni yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà, àwọn tó ń tú ìwé báǹkì wò. Ti sójà tó ń gé òdòdó lóko á wá kẹ́yìn, bí owó bá ṣẹ́kù.