Ẹ̀gbọ́n, àgbọn yẹn kì í ṣe ìranù

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ lánàá pé àwọn òyìnbó ló kó àwàdà tí kò bá ọgbọ́n orí mu wọ inú fíìmù, pé ìranù lásán ni. Ẹ fi ọba tó ń gun ẹṣin tí kò sí ṣe ẹ̀rí, èyí tí ìránṣẹ́ rẹ̀ ń fi èèpo àgbọn ṣe ìró pátákò.

Fíìmù yẹn, Monty Python and the Holy Grail, ọdún 1975 ló jáde. Owó ẹṣin ni àwọn tó ṣe é ò ní. Dípò kí wọ́n bo àìlówó mọ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀rín. Ní Àgbádárìgì wa níbí tí àgbọn pọ̀ bí iyanrìn, mo fún àbúrò mi kékeré ní èèpo méjì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kíá, ó ti "gun ẹṣin" yí àgbàlá ká, kò-kò-kà, kò-kò-kà. Màmá àgbà dìde, wọ́n yà fún un lọ́nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀! Ta ni kò mọ̀ pé ẹṣin kò sí níbẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn.

Pé kì í ṣe tiwa ńkọ́? Háà. Ṣé ẹ ti gbàgbé Baba Sala, aláwàdà wa, ni, pẹ̀lú awò ojú fàkìàfakia àti bóòtáì ràgàjì? Nínú fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, 1982, ìyà jẹ ẹ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ikú, wọ́n ní àkókò rẹ̀ kò tíì tó, kó máa padà sílé. Àìrówó-ná àti ikú ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún apá ibẹ̀ kọ.